Bí A Ṣe Ń Tọ́ Wáìnì Syrah Tuntun Wò Nílùú Ìbàdàn, Tí A Sì Ń Fi Ọ̀kan Wé Èkejì

Ẹni tí ó ń mu ẹmu láti ọ̀dọ̀ adẹ́mu kan ṣoṣo lè mọ̀ bóyá ẹmu òní dùn ju ti àná lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó jẹ́ ti ọ̀pẹ àti ohun tí ó jẹ́ ti ọwọ́ adẹ́mu, àfi bí ó bá gbé agbè méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wáìnì pupa tí wọ́n ń fi èso àjàrà Syrah ṣe. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ to ìgò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kalẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Bódìjà, ní Agbowó tàbí ní Òkè-Àdó, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè fi imú àti ẹnu ara wọn mọ ohun tí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí tí mo ń pè ní tuntun ni wáìnì tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ká èso rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀, nítorí ó máa ń da àwọn oníbàárà láàmú. Syrah àti Shiraz kì í ṣe èso méjì. Èso kan náà ni. Àwọn kan máa ń sọ pé láti ìlú Shiraz ní ilẹ̀ Ìránì ni ó ti wá, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àbùdá tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ọdún 1998 fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ Faransé ni: àjàrà pupa kan tí à ń pè ní Dureza ni bàbá rẹ̀, àjàrà funfun tí à ń pè ní Mondeuse Blanche sì ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀bá odò Rhône, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Faransé, ni ilé rẹ̀. James Busby, onímọ̀ ọ̀gbìn àjàrà kan, ni ó kó ẹ̀ka rẹ̀ wọ Australia ní ọdún 1832 mọ́ oríṣiríṣi àjàrà mìíràn, ibẹ̀ sì ni orúkọ Shiraz ti fìdí múlẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe wáìnì ní South Africa àti Australia máa ń kọ Syrah sára ìgò bí wáìnì wọn bá fúyẹ́ tí ó sì ń ta bí ata, wọ́n a sì kọ Shiraz bí ó bá nípọn tí èso inú rẹ̀ sì pọ́n dáadáa. Òfin kọ́ ni èyí, àṣà ni, nítorí náà ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan dájọ́.

Rírà

Ìgò mẹ́ta tó fún ìgbà àkọ́kọ́, mẹ́rin sì ni òpin. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n á rẹ̀, ẹjọ́ tí ó bá dá lẹ́yìn náà kò ní ṣeé gbà. Ẹ mú ọ̀kan láti ìhà àríwá Rhône, èyí tí wọ́n kọ Crozes-Hermitage tàbí Saint-Joseph sí lára. Ẹ mú ọ̀kan láti South Africa, láti Swartland tàbí Stellenbosch. Kí ẹ sì mú ọ̀kan láti Barossa tàbí McLaren Vale ní Australia. Ti South Africa ni yóò rọrùn jù láti rí ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá wa. Ti Faransé lè gba kí ẹ wá a títí, wọn kì í sì í sábà kọ Syrah sí ara ìgò rẹ̀ rárá. Orúkọ àdúgbò ni wọ́n ń kọ, ẹni tí kò bá mọ̀ á kọjá lára rẹ̀.

Ẹ wo iye tí wọ́n kọ fún agbára ọtí kí ẹ tó sanwó. Ti àríwá Rhône sábà máa ń wà láàárín 12.5 àti 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Barossa sì máa ń dé 14 tàbí 15. Nọ́ḿbà kékeré yìí ti sọ ohun púpọ̀ fún yín nípa oòrùn tí ó pa èso náà. Ẹ tún ka ẹ̀yìn ìgò, nítorí ní ilẹ̀ Yúróòpù, South Africa àti Australia, bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti jẹ́ Syrah, òfin gbà kí wọ́n kọ orúkọ Syrah nìkan sí i. Bí ẹ bá rí Shiraz-Cabernet tàbí Shiraz-Viognier, àdàlù Shiraz àti àjàrà mìíràn ni wọ́n kéde yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé oṣù kejì sí ìkẹrin ni wọ́n ń kórè ní South Africa àti Australia, nígbà tí Faransé ń kórè ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìgò méjì tí wọ́n kọ ọdún kan náà sí lára lè fi oṣù mẹ́fà ju ara wọn lọ, oṣù mẹ́fà kì í sì í ṣe nǹkan kékeré nínú ayé wáìnì tuntun.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ìgò náà dúró sí kí ẹ tó rà á. Mo ra Shiraz kan nígbà kan ní ilé ìtajà kan létí títì, ojú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé sí ni wọ́n tò ó sí, ó sì tàn yanranyanran bí ohun ọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo ya bébà ẹnu rẹ̀, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọrí díẹ̀ sókè, omi pupa sì ti ṣàn gbẹ sí etí rẹ̀. N kò fura. A fi í wé àwọn yòókù, ó ń rùn bí èso tí wọ́n sè mọ́ ṣúgà títí tí ó fi fẹ́ jóná, gbogbo wa sì fẹnu kò pé àdúgbò tí ó ti wá kò mọ wáìnì ṣe. Ó tó ọdún kan kí n tó ra irú rẹ̀ kan náà láti inú yàrá tí ó tutù, mo sì rí i pé oòrùn Ìbàdàn ni a dá lẹ́jọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, n kì í ra ìgò tí kọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ti yọrí, n kì í sì í fi wáìnì sínú búùtù ọkọ̀ bí mo bá ń ti Èkó bọ̀.

Ooru

Àwọn ìwé òkèèrè máa ń sọ pé kí a mu wáìnì pupa bí yàrá bá ṣe wà. Yàrá àwọn ará àtijọ́ ní ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ń wí, kì í ṣe pálọ̀ Ìbàdàn ní oṣù kẹta, níbi tí ó ti lè kọjá 30°C. Láàárín 16°C àti 18°C ni Syrah tuntun ti ń sọ̀rọ̀ tó yé ni. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọtí inú rẹ̀ á fò sókè sí imú, á sì bo èso àti ata mọ́lẹ̀, tí gbogbo ìgò á fi jọra. Bí ó bá sì tutù bí omi inú fíríìjì, òórùn rẹ̀ á pa mọ́, gbígbẹ tí ó ń mú ẹnu gbẹ á sì le ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí iná bá wà, wákàtí méjì nínú fíríìjì tó fún ìgò tí ó ti wà ní 30°C. Bí iná kò bá sí, ẹ ra yìnyín bulọ́ọ̀kù, ẹ fọ́ ọ sínú garawa, kí ẹ sì bu omi sí i dé ọrùn ìgò. Omi yẹn ṣe pàtàkì, nítorí yìnyín nìkan kò lè fara kan ìgò yí po. Ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 12 sí 15, ó ti tó. Gbogbo ìgò ni kí ẹ kó sínú omi náà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yin ìgò kan pé ó rọ̀ lọ́rùn ju èkejì lọ, tí ó sì jẹ́ pé kò tutù tó èkejì ni. Ẹ gbé wọn jáde nígbà tí wọ́n bá ṣì tutù díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́, nítorí wáìnì inú ife kì í pẹ́ móoru ní ilẹ̀ wa.

Ibi ìjókòó àti ife

Òwúrọ̀ ni ó dára jù, bíi agogo mẹ́wàá, nígbà tí ẹnu ṣì mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun turàrí ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì dín dòdò ní ilé ìdáná títí ẹ ó fi parí. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń tú èéfín sí ojú fèrèsé yín, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ife tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ sì há ni kí ẹ lò, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà. Èyí tí àwọn atọ́wáìnìwò lágbàáyé fi ṣe òdiwọ̀n máa ń gba nǹkan bíi 215 mílílítà tí ó bá kún dé etí, 50 péré sì ni wọ́n ń bù sínú rẹ̀, kí òórùn lè rí àyè kó jọ. Ìgò kan tí ó jẹ́ 750 mílílítà á tó ènìyàn 15 lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó bu ohunkóhun, ẹ gbé ife tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ sí imú. Ọ̀pọ̀ ife ilé wa ni ó ti ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà ìgbéyàwó, pẹ̀lú káńfọ̀ ní igun. Káńfọ̀ yẹn ni ẹ ó máa gbọ́ nínú gbogbo ìgò. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan wọ́n, ẹ dà wọ́n délẹ̀ kí wọ́n gbẹ fúnra wọn, kí ẹ má ṣe fi aṣọ tí ó ń run ọṣẹ nù wọ́n.

Ẹ gbé ike kan sí ẹsẹ̀ oníkálukú tí yóò máa tu wáìnì sí. Ó máa ń jọ ìwà àìmoore lójú àlejò láti tu ọtí olówó dànù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ife mẹ́rin mì kò ní lè fi ìkẹrin wé ìkínní, ẹni tí yóò sì wa ọkọ̀ lọ sílé kò gbọdọ̀ gbé ìkankan mì. Fún fífọ ẹnu láàárín ife méjì, omi tútù àti iṣu sísè tí kò ní iyọ̀ ló bá mi lára mu jù. Ṣúgà pọ̀ nínú búrẹ́dì wa.

Bíbo orúkọ

Kí ẹnì kan tí kò ní dá ẹjọ́ kó àwọn ìgò lọ sí yàrá, kí ó fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀ wọ́n títí dé ọrùn, kí ó sì kọ nọ́ḿbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rí orúkọ tàbí iye owó ti gbọ́ adùn kí ó tó tọ́ ọ wò. Mo tún máa ń ní kí ó bu ìgò kan sínú ife méjì pẹ̀lú nọ́ḿbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìsọ èyí tí ó jẹ́ fún wa. Bí ẹ bá fún ọ̀kan nínú méjèèjì ní ipò kìn-ín-ní tí ẹ sì fi èkejì ṣe ìkẹyìn, ẹ ti mọ bí ẹjọ́ yín ṣe ṣeé gbára lé tó lọ́jọ́ náà.

Ojú kò gba àkókò. Ẹ tẹ ife sórí bébà funfun: Syrah tuntun máa ń dúdú láàárín, etí rẹ̀ á sì pọ́n bí omi zobo tí ó ki dáadáa. Bí etí náà bá ti ń di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti dàgbà tàbí ooru ti bà á jẹ́.

Imú

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ láìmi ife, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra yí i kí wáìnì lè gun ara ife, kí ẹ sì tún gbóòórùn rẹ̀. Syrah jẹ́ èso tí ó máa ń pa èémí mọ́ra bí wọ́n bá ṣe é láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i tó, nítorí náà ẹ lè bá òórùn ẹyin tí ó bàjẹ́ tàbí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá pàdé. Ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ da wáìnì náà láti inú jọ́ọ̀gì kan sí òmíràn nígbà mẹ́ta, kí ẹ sì fún un ní 20 ìṣẹ́jú. Èyí sábà máa ń lọ. Òórùn páálí tí òjò pa, tàbí ti yàrá tí ọ̀rinrin ti mú bu, kì í lọ ní tirẹ̀. Kọ́ọ̀kì ni ó kó bá a, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe ju kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fún èso inú rẹ̀, ẹ lo ohun tí imú yín ti mọ̀. Ìwé á ní ẹ ó gbọ́ òdòdó violet. Èmi kò dàgbà níbi tí ó ti ń hù, n kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ń kọ ni Ribena, tí í ṣe èso dúdú kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí; oórì tí ó pọ́n tí ó jábọ́; awìn, bí wáìnì náà bá ní dídùn àti kíkan papọ̀; àti ẹja yíyan tàbí ẹran tí iná kàn lára, tí ó máa ń hàn gan-an nínú ti Rhône. Bí ẹ bá gbọ́ àgbọn àti fánílà, igi àgbá tí wọ́n fi wáìnì náà pamọ́ sí ni, pàápàá igi óòkù ti Amẹ́ríkà; kì í ṣe ara èso.

Ata ni àmì Syrah jù lọ. Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ ní Australia kéde èròjà tí ń fún un ní òórùn yìí, rotundone ni orúkọ rẹ̀, òun náà sì ni ó wà nínú ata dúdú. Ó máa ń pọ̀ nínú èso tí ó hù níbi tí ó tutù, ìdí nìyí tí ti Rhône fi ń ta ni nímú ju ti Barossa lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. Mo mọ èyí nínú ìwé kí n tó fojú rí i. Ẹni márùn-ún ni a jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, mẹ́rin nínú wa kọ ata sílẹ̀ fún ife kejì láìbá ara wa sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan sì ju bírò sílẹ̀.

“Ata wo lẹ ń wí, ẹ̀yin ọmọ yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún gbé e sí imú, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ti gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ribena ni mo gbọ́. Àbí ẹ ti jọ gbìmọ̀ ni?”

Mo lọ gún ata dúdú díẹ̀ nínú odó, ẹ̀gbọ́n sì gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, nítorí ata lílọ ní òórùn mìíràn púpọ̀ lára. Nígbà tí wọ́n padà sí ife kejì, Ribena náà ni. Ẹ ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún ẹgbẹ́ yín ní kùtùkùtù, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí kò bá gbọ́ ọ sílẹ̀. Imú rẹ̀ kò burú: nígbà tí ata kò bo èso mọ́lẹ̀ fún un, ó lè gbọ́ èso náà ju ẹ̀yin yòókù lọ.

Ẹnu

Ibí yìí ni èdè wa ti máa ń fẹ́ ṣì wá lọ́nà, nítorí ẹni tí kò mọ wáìnì á tọ́ ọ wò, á fajú ro, á ní, “Ó korò.” Ohun mẹ́ta ni ó sábà dì sínú ọ̀rọ̀ kan yẹn. Kíkan ni ti ọsàn wẹ́wẹ́: itọ́ á sun jáde lábẹ́ ahọ́n. Kíkorò ni ti orógbó. Ẹ̀kẹta ni ti kaṣú tí kò tíì pọ́n dáadáa, èyí tí ó máa ń fa ẹnu pọ̀ tí eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi gbẹ bí ẹni fi aṣọ nù wọ́n. Ẹ̀kẹta yìí ni iṣẹ́ tánínì, láti ara èèpo àti kóró àjàrà, ó sì ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé tánínì ń dì mọ́ ohun tí ń mú itọ́ yọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ó rẹ tíì kan sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi ṣúgà sí i, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó tọ́ ọ wò. Kí ó wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìdajì rẹ̀, kí ó tún tọ́ ìyẹn wò. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti mọ ìyàtọ̀ tí ìwé kò lè fi hàn án.

Ẹ wá mú ẹnu wáìnì kan, ẹ yí i ká gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ gba orí rẹ̀, kí ẹ sì tu ú. Ẹ kọ ìwọ̀n kíkan sílẹ̀. Ẹ kọ bí ẹnu ṣe gbẹ tó, àti bóyá gbígbẹ náà le bí yanrìn tàbí ó rọ̀ bí àtíkè. Ẹ kọ bóyá ọ̀nà ọ̀fun gbóná, tí í ṣe agbára ọtí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tu ú, ẹ máa kà láti oókan títí adùn á fi lọ tán. Èyí tí ó bá lọ kí ẹ tó ka márùn-ún kò jinlẹ̀.

Gbígbẹ máa ń gorí ara wọn láti ife dé ife, nítorí náà ife tí ó kẹ́yìn sábà máa ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ èyí tí ó ṣáájú. Ẹ tọ́ wọn wò láti ìkínní dé ìkẹrin, ẹ sinmi, ẹ jẹ iṣu, kí ẹ sì padà láti ìkẹrin sí ìkínní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ títí gbogbo ènìyàn á fi kọ ọ́ sílẹ̀ tán, pàápàá àgbà, nítorí bí àgbà bá ti ní ìkẹta ló dára jù, ta ni yóò já a nírọ́?

Bí méjì bá jọra débi pé ẹ ò mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ kankan wà, ẹ jẹ́ kí abu-ọtí gbé ife mẹ́ta wá, kí méjì jẹ́ ọ̀kan náà, kí oníkálukú sì mú èyí tí ó dá yàtọ̀. Ẹni tí ń méfò lásán á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta, nítorí náà ẹ ṣe é tó ìgbà mẹ́fà kí ẹ tó gbà pé ìyàtọ̀ wà lóòótọ́.

Kí ẹ tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Èyí tí kíkan rẹ̀ hàn, tí ara rẹ̀ fúyẹ́, tí ó ní ata àti èéfín, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Rhône. Èyí tí ó wúwo lẹ́nu, tí èso rẹ̀ dàbí ti oórì tí ó pọ́n jù, tí ọ̀fun sì gbóná lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fura sí Barossa. Ti South Africa ni ó máa ń tàn mí jù, nítorí ó lè dúró sí ibikíbi láàárín méjèèjì, bí àgbẹ̀ rẹ̀ bá ṣe fẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni sùyà tàbí àsun lè wọlé, kì í ṣe ṣáájú: ọtí máa ń mú ata rodo jó ahọ́n sí i, ẹnu tí ata ti jó kò sì ní mọ tánínì mọ́. Ẹ fi ìdajì sílẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì tún un tọ́ wò ní ọjọ́ kejì ní ìwọ̀n òtútù kan náà. Èyí tí ó gba ipò kìn-ín-ní lánàá nítorí èso tí ń pariwo lè ti rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí èyí tí ẹ ní ó le jù á sì ti rọ̀, tí ata rẹ̀ á ti yọjú. Ẹjọ́ ọjọ́ kejì ni èmi máa ń gbé lọ sí ilé ìtajà.